Ìgbẹ́ Funfun Kì í Ṣe Ìgbẹ́ Tó Mọ́

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ojú ọ̀nà òróòro yín kò gún láti inú oyún wá, àti ẹ̀yin ìyá tí ojú ọmọ yín pọ́n tí kò fẹ́ mọ́, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ èyí sí. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí létí lọ́jọ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ti ìparí sọ fún yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀ láti ka ìyókù: mo wà láàyè. Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ yìí, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe mí kò ju inú rírun lọ. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa fà lọ sí ẹ̀yìn. Á dé, á lọ, n ó sì gbàgbé rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyá mi tilẹ̀ máa ń pè é ní inú-rírun Àbẹ̀kẹ́, bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ mi ni. A kò mọ̀ nígbà náà pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé kan tí kò jìnnà sí Akanran. Kò tíì pẹ́ tí Akanran di ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ wa, gbogbo ènìyàn ṣì ń fi ìyẹn yangàn. Bọ́lá, àkọ́bí mi, ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí kan ní Ìbàdàn, wọ́n gba yàrá kan sí Ajíbọ́dé, wọ́n sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ìsinmi ráńpẹ́, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún dì mí lápá mú.

“Ìyá Bọ́lá, ẹ yíjú síbi ìmọ́lẹ̀ kí n wò yín.”

Mo yíjú.

“Háà! Ojú yín pọ́n bí epo. Ẹ lọ sílé o.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní oorun ni kò tó mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo tọ̀, ìtọ̀ mi dà bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ọkọ mi náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ẹgbẹ́dá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí la ń pè ní Ìyá Ràfíù. Aláró ni wọ́n. Ọwọ́ wọn méjèèjì máa ń dúdú dé ìgúnpá, ohùn wọn sì máa ń ṣáájú wọn wọlé. Wọ́n gbé ìkòkò àgbo wá láti Ẹgbẹ́dá nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi aṣọ dì í lórí: èèpo ọ̀gànwó, ewé dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, gbogbo rẹ̀ nínú omidùn.

“Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lásán nìyí,” ni wọ́n wí. “Ìwé tí ìyàwó wa ń kà jù ló fẹ́ sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Gbà, gbé e mu.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó korò jù.”

“Ta ní ní kí o máa lá a bí oyin? Gbé e mì!”

Ìyá mi jókòó sí apá kejì ibùsùn. Aláàdúrà ni wọ́n, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ìgò omi àdúrà ni wọ́n gbé wá ní tiwọn. Wọ́n á gbàdúrà sórí omi, Ìyá Ràfíù á ní “Bìsìmílà” sórí àgbo. Wọn kò bá ara wọn jà rí. Wọ́n á kí ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, “Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ àdúrà,” “Àna mi, ẹ kú làálàá,” wọ́n á sì máa rọ ohun méjèèjì sí mi lọ́nà ọ̀fun. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣí ojú yín dáadáa nìyí. Lẹ́yìn tí mo ti mu àgbo náà fún ìgbà díẹ̀, ìgbẹ́ mi funfun. Mi ò sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ṣá díẹ̀ o. Ó funfun bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Ràfíù, wọ́n pàtẹ́wọ́.

“Mo sọ ọ́! Àgbo ti fọ ìfun rẹ. Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀ mọ́!”

Wọ́n jáde lọ sọ fún gbogbo agbo ilé. Àwọn obìnrin bá wa yọ̀. Bí ara ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi tí mo ń fi ṣùkù àgbàdo họ ẹ̀yìn, wọ́n ní àìsàn náà ló ń gba ojú awọ jáde. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó náà gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá funfun la máa ń pè ní mímọ́. Aṣọ àdúrà ìyá mi funfun, ìborùn tí Ìyá Ràfíù fi ń kírun funfun. Ta ni yóò wá rí funfun tí yóò sọ pé ìyọnu ni?

Mo ń rù sí i. Ìgbà tí ibà gidi wá dé, tí mo ń gbọ̀n tí eyín mi ń lu ara wọn, ọkọ mi dé láti Ajíbọ́dé. Wọ́n wò mí, wọn kò jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Màmá, ẹ ṣeun. Ó tó. Mò ń gbé ìyàwó mi lọ.”

“Lọ síbo?” ni ìyá mi bi wọ́n.

“Ọsibítù ńlá.”

“Èmi náà ń bọ̀,” ni Ìyá Ràfíù wí. “Ta ló máa ṣàlàyé fún dókítà bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀?”

A sùn ní Ajíbọ́dé kí a lè tètè dé. Síbẹ̀, nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, èrò ti kún bẹ́ǹṣì. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn nípa ìlà: ẹ mú omi, ẹ mú búrẹ́dì, ẹ sì bá ẹni tó wà níwájú yín àti ẹni tó wà lẹ́yìn yín dọ́rẹ̀ẹ́. Obìnrin kan láti Lágelú ló di àyè mi mú nígbà tí mo lọ bì. Nígbà tí ọkùnrin kan fẹ́ wọ ibẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, eebì ló lọ bì o, kò lọ sí òde ijó.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àti èmi tí mo ń kú lọ. Ìgbà ìnira ni ìgbà náà. Aláìsàn ló ń ra ìbọ̀wọ́ àti bándéèjì wá fúnra rẹ̀. Ọkọ mi ta alùpùpù wọn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa owó, àwọn náà kò sọ ọ́ sí mi létí rí.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọkùnrin kan tó ti ń hewú, oníṣẹ́ abẹ, ọmọ Ìbàdàn pátápátá nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n tẹ ikùn mi, wọ́n sì bi mí léèrè bí ìgbẹ́ mi ṣe rí. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Ràfíù ti dìde.

“Ó mọ́ o, dókítà! Mo ti fọ inú rẹ̀. Funfun báláú!”

Ọwọ́ dókítà dúró lórí ìwé. “Funfun bí kí ni, màmá?”

“Bí ògì. Bí aṣọ tí kò tíì wọnú aró.”

“Iṣẹ́ kí ni màmá ń ṣe?”

“Aláró ni mí.”

Dókítà fi báírò sílẹ̀. “A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Àwọ̀ tí ẹ ń rí lára ìgbẹ́, òróòro ló ń rẹ ẹ́ láró bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni òróòro ti ń sun, á gba ojú ọ̀nà kan sọ̀kalẹ̀ sínú ìfun. Tí ìgbẹ́ bá wá jáde ní funfun, kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ìyá Ràfíù wo ọwọ́ aró wọn méjèèjì.

“Aró ò dé ibẹ̀,” ni wọ́n wí níkẹyìn, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

“Kò dé ibẹ̀. Ibo ló wá ń lọ?”

Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó pọ́n rúsúrúsú. Wọ́n fi ọwọ́ dúdú wọn bo ẹnu. “Yéè! Ara ìyàwó wa ló ń rẹ láró.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi mú ọ̀rọ̀ yìí dání. Ìgbẹ́ funfun kì í ṣe ìgbẹ́ tó mọ́. Ìgbẹ́ tí òróòro kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wo inú wò mí, wọ́n sì rí i. Ojú ọ̀nà òróòro mi wú níbì kan bí àpò, àpò náà ti kún, ó ti dí ọ̀nà pa. Dókítà ní bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gé e kúrò, tí wọ́n á sì so ẹ̀dọ̀ mọ́ ìfun ní ọ̀nà tuntun. Wọ́n ní kí a má fi falẹ̀, nítorí ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà nínú àpò yẹn lè ba gbogbo ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ọkọ mi ní kí wọ́n ṣe é. Ìyá Ràfíù, tí ojú ṣì ń tì, ní kí wọ́n ṣe é. Ìyá mi, tí wọ́n ti Akanran dé bá wa ní wọ́ọ̀dù, ní rárá.

“Ẹ kò ní la inú ọmọ mi. Ẹ fún mi, kí n gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Kí n gbààwẹ̀ fún un.”

“Màmá, kò sí àyè ààwẹ̀ lára rẹ̀ mọ́,” ni ọkọ mi wí.

“Èmi ni n ó gbà á! Èmi!”

Ọkọ mi lè fọwọ́ sí ìwé, òfin gbà wọ́n láyè. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé mi ò lè gba abẹ́ ọ̀bẹ lọ nígbà tí ìyá mi ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, kí n má bàa kú kí ó sì jẹ́ pé ìjà la fi ya ara wa. Bí ara mi sì ṣe ń gbóná sí i nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ náà dúró sójú kan.

Nígbà tí dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká, wọ́n bá wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó síwájú ìyá mi. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láé pé wọ́n jókòó.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń dá sínú ọmọ fún yín. Ẹ ti gbin iṣu rí?”

“Ta ni kò gbin iṣu rí?”

“Ó dáa. Nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, tí ọlẹ̀ kò tíì tó ẹ̀wà kan, ìfun rẹ̀ kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Lára okùn yẹn ni nǹkan kékeré kan ti máa yọ, bí èéhù lórí iṣu. Orí èéhù yẹn ló máa fẹ̀, tó máa di ẹ̀dọ̀. Ọrùn rẹ̀ tó so ó mọ́ ìfun, òun ló máa di ojú ọ̀nà òróòro. Ẹ̀dọ̀ yẹn á wá tóbi kíákíá, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ikùn ọlẹ̀. Òun ló tiẹ̀ ń ṣe ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ náà, kí inú egungun tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Àbẹ̀kẹ́ yín, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ hù dáadáa. Ọrùn èéhù yẹn nìkan ni kò gún.”

Ìyá mi tẹjú mọ́ wọn. “Ìgbà wo nìyẹn, dókítà? Ṣé oṣù keje?”

“Oṣù keje ti pẹ́ jù, màmá. Ìgbà tí nǹkan oṣù yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ni èéhù yẹn yọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì mọ̀ pé oyún wà. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ohun tó máa gún ti gún, ohun tó máa wọ́ ti wọ́.”

“Kì í ṣe oṣù keje?”

“Kì í ṣe oṣù keje.”

Ìyá mi wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n ní nígbà oyún mi, ní oṣù keje, àwọn ru kòkó láti oko. Ìyá ọkọ àwọn ti kìlọ̀ pé kí àwọn má rù ú, àwọn ṣe agídí. Ní ojú odò, ẹsẹ̀ àwọn yọ̀, ẹrù kòkó náà sì já lé àwọn níkùn. Nígbàkígbà tí inú bá run mí, láti kékeré mi, ìró ẹrù yẹn ni wọ́n máa ń gbọ́. Wòlíì kan ní ìjọ wọn sì ti sọ nígbà kan pé kí wọ́n bi ìyá ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀.

“Ìdí tí mo fi ń sá fún ọ̀bẹ yín nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Bí ẹ bá la inú rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ níbẹ̀.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. “Màmá, èmi gan-an ni n ó la inú yẹn. Mo mọ ohun tí n ó bá níbẹ̀. Kò sí kòkó níbẹ̀.”

“Ta ló wá ṣe é?”

“Kò sí ẹni tó ṣe é. Àwa dókítà náà kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni bí a ṣe lè tún un ṣe.”

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ìyá Ràfíù ló dìde lọ dì mọ́ wọn.

“Àna mi, ẹ̀yin lẹ ru kòkó yìí láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyàwó wa? Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jàre! Ọrùn á ti máa ro yín.”

Ẹ̀rín gba ẹnu ìyá mi lójú ẹkún. Wọ́n nu ojú, wọ́n bu omi àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi kàn mí níwájú orí. Lẹ́yìn náà, wọ́n na ọwọ́ sí dókítà, wọ́n fi omi tó kù pa àtẹ́lẹwọ́ dókítà. “Ọwọ́ yín ni n ó gba ààwẹ̀ fún báyìí,” ni wọ́n wí.

Wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùkọ́ iléèwé wa há ara wọn mọ́ inú bọ́ọ̀sì kan wá láti Akanran. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún tó kọ́kọ́ rí ojú mi ló kọ́kọ́ na apá. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, apá rẹ̀ ni mo máa ń rántí.

Nípa iṣẹ́ abẹ náà, mi ò lè sọ púpọ̀ fún yín, nítorí mo sùn. Mo jí pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n kì bọ ẹ̀gbẹ́ mi láti fa omi jáde, àti òùngbẹ. Ó dùn mí gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kì í dunni. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń lọ sílé ni, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yàgbẹ́, Ìyá Ràfíù gba páànù náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n yọjú sí i, wọ́n sì pariwo tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi gbọ́:

“Aró ti wọ̀ ọ́!”

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dákẹ́. Wọn kò dákẹ́. Ojú mi mọ́ díẹ̀díẹ̀, ìyún ara lọ, mo sì padà sí kíláàsì kẹrin mi.

Mo kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àpá ńlá kan wà níkùn mi, ó máa ń fà mí nígbà ọyẹ́. Ibà bá mi jà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹni tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún kì í fi ibà ṣeré. Ọdọọdún ni mo máa ń lọ kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo tàbí àdúrà. Ìyá mi gbàdúrà fún mi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ dúdú, tí ìgbẹ́ sì funfun, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú dókítà. Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ti yín tún kánjú ju tèmi lọ. Ẹ má wo ìgbẹ́ ọmọ lọ́jọ́ kìíní nìkan. Ẹ máa wò ó jálẹ̀ oṣù méjì àkọ́kọ́ ó kéré tán, bó bá sì ti funfun, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹrù kòkó lé yín lórí.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mi, Bọ́lá lóyún àkọ́kọ́. Oyún náà ti tóbi nígbà tó yọ̀ ṣubú ní ìdí kànga, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun ti pa ọmọ lára. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ọmọ wà lálàáfíà. Síbẹ̀ kò dákẹ́. Ìyá mi, tí wọ́n ti di arúgbó gan-an, ló fà á jókòó.

“Bọ́lá, o ti gbin iṣu rí?” ni wọ́n bi í. Wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ èéhù náà fún un látòkè délẹ̀, bí dókítà ti sọ ọ́, wọn kò yọ ẹyọ kan kúrò.

Lọ́jọ́ tó bímọ, Ìyá Ràfíù ti dé láti Ẹgbẹ́dá kí ọmọ tó ké tán. Wọn kò kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wọ́n dúró de ìgbẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ṣí náfíkìn, ó dúdú mìnìjọ̀, ó sì ní àwọ̀ ewé nínú.

“Ìyàwó, wá wò ó! Àna mi, ẹ wá wò ó! Aró ti wọ̀ ọ́!”

Ìyá mi rọra rìn wá. Wọ́n wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo iṣu tuntun.

“Ẹ̀dọ̀ ọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó wá rí wa,” ni wọ́n wí. Wọ́n fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ìdí ọmọ náà, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́.